Ìdọ̀tí Tó Wà ní Kọ̀rọ̀

"Ẹni tó ń gbá ibi tó mọ́, ìdọ̀tí ń wò ó láti kọ̀rọ̀." Lágbègbè wa, kò sẹ́ni tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Òbí ń pa á fọ́mọ, ọ̀gá ń pa á fún ọmọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pa á fún?

Fadérera ni. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ìgbájọ kó tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì fi ọmọbìnrin rẹ̀, Ìbídùn, sí. Fadérera ti parí gbogbo iṣẹ́ yòókù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ku ìṣirò. Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sì gbà kí ẹni tó bá ti mọ ìṣirò tẹ́lẹ̀ ṣe ìdánwò kan ṣoṣo lé e lórí. Bó bá yege, wọn á kà á sí pé ó ti ṣe iṣẹ́ náà, kò ní í jókòó sí kíláàsì mọ́. Bó bá kùnà, yóò lo ọdún kan sí i. Fadérera kò fẹ́ lo ọdún náà. Ìgbà tó lọ sílé kẹ́yìn, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni Ìbídùn sá sí nígbà tó rí i, bí ẹni rí àlejò.

Ó bá múra sí ìwé. Láràárọ̀ ló ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó háyà yàrá sí, tí á máa yanjú ìṣirò ìdá ọgọ́rùn-ún àti áljẹ́bírà. Gbogbo èyí tó bá ṣe ló ń gbà, orí rẹ̀ sì ń wú. Ṣùgbọ́n bó bá kan ìṣirò ìṣeéṣe, èyí tí í wo bó ti ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀, á yára ṣíwèé kọjá. Nílé-ìwé girama, olùkọ́ kan ti fi í ṣẹ̀sín níwájú kíláàsì nítorí ẹ̀. Látọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ rí i sójú.

Ìyá onílé rẹ̀, Màmá Dúrósinmi, kọ́ni ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní kí Fadérera kó iṣẹ́ rẹ̀ wá kóun wò ó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀, kò rí àṣìṣe kankan, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò tú ká.

"Èwo ló ṣòro fún ọ nínú ìwọ̀nyí?"

"Kò sí, Màmá. Mo mọ gbogbo wọn."

"Kí lo wá ń kọ́?"

Màmá bi í pé ìṣirò ìṣeéṣe tí òun kò rí nínú iṣẹ́ náà ńkọ́, Fadérera sorí kọ́. Màmá wá rọra sọ fún un pé, "Ọmọ mi, ẹni tó ń gbá ibi tó mọ́, ìdọ̀tí ń wò ó láti kọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Fadérera wọra. Ó wọ yàrá lọ, ó dùbúlẹ̀, ó ní òun á kúkú lo ọdún kan náà sí i. Àmọ́ nígbà tó rántí bí Ìbídùn ṣe sá fún un, ó dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá, ó ní kó kọ́ òun bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Màmá da ẹ̀wà funfun àti pupa pọ̀ sínú abọ́, ó ní kó dijú mú ẹyọ kan, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ àwọ̀ tó ṣeé ṣe jù kó bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó ṣì í. Màmá kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣì í, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Fadérera fúnra rẹ̀ ló ń bu ẹ̀wà sínú abọ́, tó sì ń sọ èyí tó ṣeé ṣe jù láìṣì í.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ibi tó ń sá fún ni ìbéèrè pọ̀ sí jù. Ó ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí èsì jáde, ó rí orúkọ ara rẹ̀ láàárín àwọn tó yege. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bí ẹni sọ ẹrù igi kalẹ̀, ara rẹ̀ wá fúyẹ́. Ó pe ilé lórí fóònù. Ìbídùn ló gbé e. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá rẹ̀ ti yege, ó bi í bóyá ó ń bọ̀ wálé lóòótọ́.

"Mo ń bọ̀, ọmọ mi. N kò ní padà lọ mọ́."

Fadérera fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ Màmá délé, tó ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ẹnu wọn ló sì gbà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa. Báwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi ohun tó mọ̀ ṣe sá fún èyí tó yẹ kó kọ́, tó sì ń pe ìyẹn ní ìmúrasílẹ̀, wọn a ní: ẹni tó ń gbá ibi tó mọ́, ìdọ̀tí ń wò ó láti kọ̀rọ̀.