Kí Ni A Ṣe, Sà, Tí A Fi Ń Lọ Sí Ọgbà?

Ọkùnrin olùkọ́ kan wà ní ìlú kékeré kan, ó fẹ́ràn ilẹ̀ bí ó ti fẹ́ràn ìwé. Kíláàsì kẹrin ni ó ń kọ́. Lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, ilẹ̀ kan wà tí igbó ti bò. Olùkọ́ yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán an, ó kọ ebè síbẹ̀, ó gbin ilá, ó gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata, ó sì fi igi yí i ká kí ewúrẹ́ má baà sọ ọ́ di ilé oúnjẹ.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ dára. Ó ti rí i pé bí òun bá kọ ìdá kan nínú mẹ́ta sára pátákó, ojú àwọn ọmọ a máa wo òun bí ojú ẹja inú yìnyín. Ó ní bí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn pín ebè sí ọ̀nà mẹ́ta, tí wọ́n gbin ata sí ọ̀kan, wọn kò tún ní gbàgbé láéláé.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà kò fẹ́ ọgbà. Obìnrin tí ìró bàtà rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ni. Kọnkéré ló fẹ́ dà síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa tò sórí rẹ̀ láàárọ̀ láì tẹ ẹrẹ̀. Ó pe olùkọ́ náà sí ọ́fíìsì.

"Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ lẹ wá ṣe níbí ni, àbí oko lẹ wá dá?"

"Kíláàsì ni mo fẹ́ fi ṣe, mà."

"Kíláàsì tí kò lórùlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọ̀gá wò ó títí. "Ó dáa. Mo fún yín di ìparí sáà yìí. Bí mo bá débẹ̀ tí mo rí i pé àwọn ọmọ ń kọ́ nǹkan, ẹ máa lo ilẹ̀ yín lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bíríkìlà mi ti wà nílẹ̀."

Ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ọgbà máa bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ náà wọ kíláàsì tayọ̀tayọ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ dìde! Ẹ fi ìwé sílẹ̀. Ọgbà là ń lọ!"

Kò sẹ́ni tó dìde.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ọmọ kan kúnlẹ̀. Òmíràn kúnlẹ̀. Kí olùkọ́ náà tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìlà tó wà níwájú ti wà lórí eékún tán.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, a ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ ò ní ṣe kí ni mọ́?"

Wọ́n wo ara wọn. Wọn kò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbìyànjú. "Èmi ni mo jẹ ẹran inú ẹ̀wà rẹ̀, sà."

"Ìwọ ni!" ni ẹni tó ni ẹ̀wà pariwo.

"Sà, èmi ò sí níbẹ̀ o," ni ẹnì kẹta wí. "Ìgbà tó jẹ ẹ́ tán ló tó fún mi ní eegun."

Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ṣàlàyé fún wọn pé òun kò bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́. Wọ́n tẹ̀lé e bí ẹni tí ọlọ́pàá ń mú lọ. Nígbà tí wọ́n dé ọgbà, kí ó tó sọ pé kí wọ́n wá wo ewé ilá, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń tu koríko, wọn kò gbójú sókè.

"Ẹ fi koríko sílẹ̀! Ta ló lè sọ iye ewé tó wà lórí igi ilá yìí fún mi?"

Wọ́n ń tu koríko lọ. Ẹni tó ń jìyà kì í sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà mọ òfin.

Kò pẹ́ tí ìyá kan fi dé, ó ti fi ìborùn gbàjá mọ́ ìbàdí.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Kí ni ọmọ mi ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, mà. Ọmọ dáadáa ni."

"Ọmọ dáadáa, tí ẹrẹ̀ kún èékánná rẹ̀? Ẹ sọ fún mi, sà. Bó bá jalè, ẹ jẹ́ n mọ̀."

"Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, mà."

Obìnrin náà wo ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ olùkọ́. "Bàbá tó bí mi ò kàwé, sà. Irú ọkọ́ yìí ló lò títí ó fi kú. Ọmọ tèmi ni mo rán wá síbí kó má baà lò ó."

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun olùkọ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ilá ń ga, ẹ̀kọ́ kò ga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí àwọn ọmọ náà nínú ọkàn rẹ̀. Ó ní ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ràn ilẹ̀ mọ́, pé bí a bá gbé wúrà sínú ẹrẹ̀ fún wọn, wọn kò ní bẹ̀rẹ̀ mú un. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbọ́ ìró bàtà ọ̀gá, a máa ka iye ọ̀sẹ̀ tó kù nínú sáà náà.

Nígbà tó yá, ó kàn án láti máa dúró sẹ́nu géètì láàárọ̀. Àwọn ọmọ tó pẹ́ tò síwájú rẹ̀. Kò ronú rárá. Ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ẹnu gbogbo olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà máa ń sọ, tí ẹnu òun náà ti ń sọ láti ìgbà tó ti débẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ pẹ́, ó di ọgbà! Ẹ lọ tu koríko títí n ó fi pè yín."

Wọ́n lọ. Nígbà tí agogo lù, tí gbogbo wọn ti jókòó, ó wọ kíláàsì, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ dìde! Ọgbà là ń lọ!"

Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú na ọwọ́ sókè. "Sà, ṣé ti àárọ̀ yẹn ni, àbí tèkejì?"

"Ti àárọ̀ wo?"

"Ti àwọn tó ṣẹ̀, sà. Kí n lè mọ̀ bóyá kí n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó yíjú wo ọgbà láti ojú fèrèsé.

Ó wá rí i. Ìgbà tí ilẹ̀ yẹn ṣì jẹ́ igbó, ibẹ̀ ni wọ́n ń rán arúfin lọ. Ìgbà tí òun sọ ọ́ di ọgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń rán wọn lọ. Pàṣán ni ilẹ̀ náà lójú àwọn ọmọ. Òun gbin ilá sórí pàṣán, òun wá ń bínú pé wọn kò wá fẹnu kò ó.

Ó jókòó sórí tábìlì rẹ̀. "Ẹ gbọ́. Láti òní lọ, ẹni tó bá ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ọgbà."

"Kò gbọdọ̀ kí ni, sà?"

"Kò gbọdọ̀ débẹ̀. Inú kíláàsì níbí ni yóò jókòó sí títí a ó fi dé."

Ọmọ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Akínbọ̀dé. Ìjọ̀gbọ̀n ni oúnjẹ rẹ̀. Wọ́n ti rán an lọ sí ọgbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó mọ̀ ọ́n ju ewúrẹ́ lọ. Nígbà tí ó gbọ́ òfin tuntun yìí, ó yíjú, ó gbá ẹni tó jókòó tì í ní ìpàkọ́, gbàá!

"Mo ti ṣẹ̀ o, sà!"

"O ti ṣẹ̀ lóòótọ́. Jókòó síbẹ̀."

"Ẹ ṣé, sà!" Ó na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì bí olóyè.

Àwọn yòókù jáde. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ló mú ọkọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ń tu koríko, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ó fún wọn ní okùn tí ó ti fi kókó sàmì mítà sí lára, ó ní kí wọ́n wọn ebè. Wọ́n kọ́kọ́ ń wò ó lójú. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan rí kòkòrò aláwọ̀ ewé lábẹ́ ewé tẹ̀tẹ̀, ó figbe ta, gbogbo wọn rọ́ lọ síbẹ̀. Òmíràn fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó sì jókòó sínú garawa omi, ṣọ̀ọ́! Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ gba ojú fèrèsé wọ inú kíláàsì.

Akínbọ̀dé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Ó yọ orí lójú fèrèsé. "Kí lẹ rí?"

"Kò kàn ọ́!"

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun ni ó kọ́kọ́ dé ilé-ẹ̀kọ́. Ó dúró de olùkọ́ lẹ́nu géètì, ó dọ̀bálẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tu koríko lónìí."

"Akínbọ̀dé! Ìwọ lò ń bẹ̀bẹ̀ koríko?"

"Sà, àwọn yẹn ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀."

Olùkọ́ náà lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú yàrá wọn. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má rán ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀ lọ sí ọgbà mọ́.

"Kí la ó wá fi jẹ wọ́n níyà?" ni ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Ẹ wá nǹkan tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn."

Wọ́n rò ó lọ, wọ́n rò ó bọ̀. Wọn kò tètè rí i.

Láti ìgbà náà, nǹkan yí padà. Ìyá tó wá bínú tún padà wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló bá wá. Ó ní ọmọ òun ti fi okùn wọn gbogbo yàrá ilé tán, títí kan bàbá rẹ̀ tó sùn.

Ìparí sáà dé. Ìró bàtà ọ̀gá kọ́kọ́ dé, ọ̀gá tẹ̀lé e, bíríkìlà wà lẹ́yìn. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọgbà, ó rí ọmọ lórí eékún, ó rí ọmọ lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Kí ni gbogbo yín ṣe?"

"A ò ṣe nǹkan kan, mà!"

"Ta ló wá ní kí ẹ wá síbí?"

"Agogo ìṣirò ló lù, mà."

Ọ̀gá yíjú. Ó juwọ́ sí bíríkìlà pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bíríkìlà fa téèpù yọ. Akínbọ̀dé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ má da ara yín láàmú. Mítà mẹ́wàá ni gígùn, mẹ́jọ ni ìbú."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Okùn."

Bíríkìlà wọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó yá, ọ̀jọ̀gbọ́n. Bí àpò sìmẹ́ǹtì kan bá lè bo ibi tó gùn ní mítà méjì tó sì fẹ̀ ní mítà kan, àpò mélòó ni n ó rà fún gbogbo ibí yìí?"

Gbogbo kíláàsì ṣubú lu ilẹ̀, igi lọ́wọ́, wọ́n ń fi kọ iye sínú erùpẹ̀.

"Ọgọ́rin!"

"Ọgọ́rin kẹ̀? Ìwọ ò rántí pín in sí méjì, olórí kunkun!"

Wọ́n jà, wọ́n parí ìjà. Wọ́n dìde pọ̀. "Ogójì ni, sà!"

Bíríkìlà fi fóònù rẹ̀ ṣírò tirẹ̀. "Ogójì ni lóòótọ́."

Wọ́n hó yèè, wọ́n ń fò, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́. Olùkọ́ wọn nìkan ni kò fò. Ó mọ ibi tí ogójì àpò náà ń lọ. Ó wo ebè rẹ̀ bí ẹni tó ń kí i fún ìgbà ìkẹyìn.

Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó níwájú na ọwọ́ sókè. "Mà, kí lẹ fẹ́ fi ogójì àpò sìmẹ́ǹtì ṣe?"

Ọ̀gá la ẹnu. Ó wo ilá tó ti so. Ó wo àwọn ọmọ tí ayọ̀ kò tíì kúrò lójú wọn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a ṣírò ohun tí yóò fi bo ibi tí wọ́n dúró sí mọ́lẹ̀. Ó pa ẹnu dé. Ó tún là á.

"Ilé ìgbọ̀nsẹ̀," ni ó wí.

"Mà?" ni bíríkìlà wí.

"Ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló fẹ́ wó. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

"Ṣebí ẹ ní ọgbà…"

"Mo ní ẹ jẹ́ ká lọ wò ó!"

Ó ti rìn síwájú díẹ̀ kí ó tó yíjú padà. "Olùkọ́."

"Mà?"

"Kíláàsì kẹfà náà ń bọ̀ lọ́la. Ẹ wá àyè fún wọn."

Ìwọ tí mò ń sọ èyí fún, o wá sunkún sí mi lára pé ọmọ rẹ kò fẹ́ràn ìwé, àti pé bí àdúrà bá tó gbà, ńṣe ló máa ń lọ sá pamọ́. O ní ayé ló bà á jẹ́. Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Nígbà tó fọ́ àwo, kí lo sọ fún un? O ní, "Wọlé lọ mú ìwé rẹ!" Nígbà tó purọ́, o ní kó lọ kúnlẹ̀ kó máa gbàdúrà títí oúnjẹ yóò fi jiná. Ohun rere méjì tí o ní nílé, o sọ wọ́n di ẹgba, o sì ń retí kí ọmọ máa sáré bọ̀ wá bá ẹgba.

Bí ó bá ṣẹ̀, bá a wí. Ẹni tó bímọ kì í fi ìbáwí du ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wá nǹkan mìíràn fi bá a wí. Bí o bá délé báyìí, pè é nígbà tí kò ṣe ohunkóhun. Sọ fún un pé kó gbé ìwé wá. Yóò wò ọ́ lójú, yóò bi ọ́ pé kí ni òun ṣe. Má bínú sí i. Jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, kí o kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ìwọ gan-an sì kà á sókè.