Òkété àti Kárọ́ọ̀tì Tó Fún Pọ̀

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi dé o.
Kó máa bọ̀, a ti jókòó.

Òkété fẹ́ fẹ́ ọmọ Ìgalà. Bàbá Ìgalà ní kó kọ́kọ́ gbé kárọ́ọ̀tì tó sanra wá láti ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Òkété fọ́n irúgbìn sílẹ̀, ó hù bí irun orí.

Ehoro aládùúgbò rẹ̀ ní, "Ọ̀rẹ́, fa ìdajì dànù, kí ìyókù lè ráyè ta."

"Ìdajì kẹ̀? Màá fa mẹ́ta."

"Fa ogún."

"Ó ti pọ̀ jù. Ó dàárọ̀."

Ehoro tún padà wá, Òkété ò gbà. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, orin ló bá lẹ́nu Òkété. Ẹ bá mi gbè é:

Tèmi ni gbogbo ẹ̀,
Jẹ́ ó fún, jẹ́ ó fún.
N ò ní fa ọ̀kan,
Jẹ́ ó fún, jẹ́ ó fún.

Ọjọ́ ìtọrọ pé, ó hú u. Gbogbo ẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀.

Bàbá Ìgalà wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ọkọ ìyàwó, ìwọ tí o ò lè yọ̀ǹda ewé kékeré, ṣé wàá jẹ́ kí ọmọ mi máa wá kí ìyá ẹ̀? Máa lọ sílé."

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Tí mo bá parọ́, kí kárọ́ọ̀tì tèmi náà rí bí ìgbálẹ̀.