Òwú Tí Ato-eegun Fi Di Etí

Ọkùnrin kan wà tó ń to eegun. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀kadà kò sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń fa apá àti ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá ké, ara a máa ro òun náà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ ní bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n ní bí a bá ń wo ẹni tí nǹkan ń dùn, apá kan nínú ọpọlọ tiwa náà á ta kìjí, bí ẹni pé àwa gan-an ló ń dùn. Ọkùnrin yìí kò kàwé. Ohun tó mọ̀ ni pé ó ti rẹ òun.

Lọ́jọ́ kan, ó mú òwú, ó fi di etí rẹ̀ méjèèjì. Áà, ìsinmi dé! Ẹni tó bá wù kó máa ké.

Wọ́n wá gbé onídìrí kan dé, opó tó ń fi irun dídì bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló kán. Ọkùnrin méjì dì í mú, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

"Bàbá, ibẹ̀ kọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti fà á kọjá!"

Bàbá kò gbọ́. Àwọn tó dì í mú gbọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá àgbà wí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀? Ó fi ọparun dè é, ó lọ jẹun.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n tú u. Ọwọ́ ti wọ́. Obìnrin náà mú òòyà, òòyà já bọ́. Ó ní, "Mo sọ fún yín, bàbá. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ojú ti bàbá. Ó yọ òwú náà lápò, ó fi hàn án. "A ó tún un ṣẹ́ ni, ọmọ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ké dáadáa. Má gbé e mì."

Ó ké. Igbe náà wọ bàbá lára dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Níbi tí igbe bá ti ròkè, á dẹwọ́. Níbi tó bá ti rọlẹ̀, á mọ̀ pé eegun ti ń wá sí àyè rẹ̀. Nígbà tó parí, ó jókòó síta, ó sunkún bí ọmọdé. Àmọ́ ọwọ́ náà tọ́, obìnrin náà sì ń dirun títí dòní.

Ìwọ tó o wá bá mi lánàá, o ní igbe ìyá rẹ kì í dà ọ́ láàmú mọ́, o ní Ọlọ́run ló fún ọ ní sùúrù. Sùúrù kọ́ o. Mo ti rí bó o ṣe ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni yí àpò gààrí. Mi ò bú ọ. Ọdún mẹ́rin tó o ti ń tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin; ó ti rẹ̀ ọ́, ó rẹ èmi tí mò ń wò ọ́ pàápàá. Lọ sùn. Èmi àti ìyàwó mi á jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n tó o bá padà dé, tí ìyá bá ní ó ń dun òun, jẹ́ kó dun ìwọ náà.