Akọ̀wé Omi àti Ilé Òdo

Àríyìbí, gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yẹn ná, kí o wo ojú mi. Mi ò ní bú ọ.

Ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì omi ìlú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa kọ nọ́ńbà ilé tí páìpù wọn ń jò sínú ìwé, kí oníkọ́kọ́rọ́ lè lọ ti omi ibẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Ìlà mẹ́wàá ló wà lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bí ilé tó ń jò kò bá pé mẹ́wàá, ó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí ìlà tó ṣẹ́kù, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ kọ nọ́ńbà ilé ọ̀tá rẹ̀ síbẹ̀. Òdo ni ó máa ń kọ. Ní ìlú rẹ̀, láti oókan ni wọ́n ti ń ka ilé, kò sí ilé òdo. Bí oníkọ́kọ́rọ́ bá rí òdo, ó mọ̀ pé kò sí ibi tí òun ń lọ, á jókòó jẹ́ẹ́. Ogún ọdún ni ọkùnrin yìí fi ṣe é bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹjọ́.

Wọ́n wá gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Obìnrin àgbàlagbà kan tí ó bá ní ọ́fíìsì ibẹ̀ fi ìwé hàn án. Ó ní, "Ọ̀gá, níbí o, bí ìlà bá ṣófo, 'kò sí' ni a máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ má kọ nọ́ńbà kankan."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá, ta ni kò mọ̀ pé òdo àti kò sí, ọ̀kan náà ni? Ẹ fẹ́ kí n máa kọ lẹ́tà mẹ́rin níbi tí àmì kan ṣoṣo ti tó." Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀. Obìnrin náà kò bá a jà. Ó ní ibi gbogbo ni à ń dáná alẹ́, ọbẹ̀ ló kàn dùn ju ara wọn lọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọkùnrin náà bá ti bi í pé, "Kí ló dé?" ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni.

Nínú ìwé àkọ́kọ́ tí ó kọ, ilé méje ló ń jò. Ó fi òdo sí ìlà mẹ́ta tó kù, ó gbé e fún oníkọ́kọ́rọ́. Oníkọ́kọ́rọ́ ìlú yẹn kì í bèèrè ọ̀rọ̀, ohun tí ìwé bá wí ni ó ń ṣe. Ó ti omi ilé mẹ́jọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹ̀bí kan wọ ọ́fíìsì wá, eruku bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti ti omi wa, bẹ́ẹ̀ páìpù wa kò jò. Aláboyún kan ń rọbí lọ́wọ́." Akọ̀wé ní òun kò kọ ilé ìgbẹ̀bí kankan sínú ìwé. Ó fi sùúrù dá a padà, bí ẹni tí ó dá lójú pé ọwọ́ òun mọ́.

Nígbà tí ó di ọ̀sán, agbẹ̀bí náà tún dé. Inú bí akọ̀wé. Ó fa ìwé yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ka ohun tí mo kọ. Ilé méje nìyẹn. Ìyókù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Agbẹ̀bí náà ka ìwé náà. Ó fi ìka kan ìlà kẹjọ. Ó ní, "Ọ̀gá, ilé wa nìyí."

Nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ kọ́kọ́ dé ìlú náà, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n dúró sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé. Ibẹ̀ ni òdo wọn. Ọmọdé ìlú náà pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sáré lọ ṣí omi. Aláboyún náà ti bímọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, omi kànga tí kò sí àyè láti sè ni wọ́n sì fi tọ́jú rẹ̀. Ọmọ yè. Ibà mú ìyá, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Akọ̀wé lọ. Ó dúró sẹ́yìn gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó bú u, bẹ́ẹ̀ ì bá tù ú lára ká ní wọ́n bú u. Wọ́n gbé oyin kiri, wọ́n gbé iyọ̀ kiri. Àgbà kan gbé ife omi, ó ní omi kì í ní ọ̀tá, ọmọ yìí kò ní ní ọ̀tá. Olúkúlùkù tọ́ ọ wò. Nígbà tí ife kan akọ̀wé, ojú tì í, kò gbé omi náà mì. Ó gbé e sẹ́nu dúró títí wọ́n fi dárúkọ ọmọ tán. Ìyá padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n títí di òní, akọ̀wé kì í gba iwájú ilé ìyá náà kọjá.

Àríyìbí, ìwọ ni mo ń bá wí. Atọ́ka tí à ń kọ sínú iṣẹ́ tí à ń ṣe fún kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ilé ni: òun ló ń sọ ibi tí ẹ̀rọ yóò lọ. Èyí tí kò tọ́ka sí ibì kankan, èdè tí a fi ń kọ iṣẹ́ ti fún un ní orúkọ, 'kò sí' ni. Bí o bá kọ orúkọ yẹn, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yóò túmọ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tirẹ̀. O kò kọ ọ́. O da òdo kún gbogbo àyè atọ́ka lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, o ní ó ti ṣófo. Lórí ẹ̀rọ tìrẹ, ó ṣófo lóòótọ́. Lórí ẹ̀rọ tí ìyá oládìẹ, oníbàárà wa, fi ń mú ẹyin gbóná títí wọn yóò fi pa, ibi tí òdo ń tọ́ka sí ni wọ́n tọ́jú ìwọ̀n ooru sí. Iṣẹ́ rẹ lọ síbẹ̀, ó pa ooru náà. Obìnrin yẹn ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, o ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, o ní ó ń ṣiṣẹ́ níbi tìrẹ. Ó wá pe èmi, ó bi mí pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ojú tì mí, Àríyìbí.

Tún un ṣe. Kọ 'kò sí' níbi tí kò bá ti sí, kí o sì jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ bèèrè bóyá ibì kan wà kí ó tó gbéra. Ṣùgbọ́n ìyẹn lè dúró di ọ̀la. Lónìí, lọ bá ìyá oládìẹ. Dọ̀bálẹ̀, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé ẹyin rẹ̀ tó bàjẹ́ yẹn, ọwọ́ rẹ ló bà á jẹ́.