Ààrẹ Tí Kò Jẹ́ Kí Ààrẹ Àná Sọdá Odò

Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ìṣèlú o. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ìjọba níbi kan, ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń gbé àga sí, kí n lè tètè sá bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ọgbọ́n, kó lọ bá àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò láàárọ̀. Àwọn yẹn mọ ohun gbogbo, àfi ìgbà tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Àmọ́ ìwọ Alága ẹgbẹ́ onílé wa lo gbé ìwé wá bá mi, pé kí n fọwọ́ sí i kí o lè kó àwọn ẹ̀ṣọ́ àdúgbò lọ bá àwọn tó ń jà ní òpópónà kejì. Bí mo ṣe ń ka ìwé náà ni ìtàn kan sọ sí mi lọ́kàn. Jókòó. Kò gùn.

Ọkùnrin kan wà, ààrẹ orílẹ̀-èdè kan ni. Kò sí ohun tí kò ní. Ó ní ilé ńlá, ó ní bàálù, ó ní èèyàn mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn ni láti rẹ́rìn-ín kó tó parí àwàdà rẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ẹni tó ṣe ààrẹ ṣáájú rẹ̀ kò tíì kú.

Kì í ṣe pé bàbá náà ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti padà sí abúlé rẹ̀, ó ń sin ìgbín. Àwọn ará ìlú ni kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ sinmi. Bí iná bá lọ, wọ́n á ní kì í rí báyìí nígbà Bàbá. Irọ́ ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ máa ń burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òjò bá sì rọ̀ lásìkò, wọ́n á ní àdúrà Bàbá ló gbà. Ìyá ìyàwó Ààrẹ gan-an, tó ń jẹun ìjọba, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ìjọba, kì í gbàdúrà òwúrọ̀ kó má dárúkọ bàbá yẹn. Ààrẹ á fara ti ògiri yàrá kejì, á máa ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ òun. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ti Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìdìbò ku oṣù márùn-ún nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní òdìkejì odò. Ọ̀dọ́ sójà kan fipá gba ìjọba ní orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n, ó sì ti olórí ibẹ̀ mọ́ inú ilé ara rẹ̀. Ìyàwó olórí náà rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀, ó sá wá sọ́dọ̀ Ààrẹ pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Àràárọ̀ ló ń wá jókòó níwájú ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ: “Ẹ bá mi mú ọkọ mi jáde láàyè. Mi ò bèèrè ìjọba. Ọkọ mi ni mo bèèrè.”

Ààrẹ pe ìgbìmọ̀ rẹ̀. Wọ́n jẹ bisikíìtì, wọ́n sọ̀rọ̀ òfin àgbáyé. Nígbà tó yá, mínísítà arúgbó kan tí gbogbo wọn rò pé ó ti sùn lajú.

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ilé ẹ̀kọ́ ológun tiwa níhìn-ín ni ọmọ sójà yẹn ti kọ́ṣẹ́, ìlú wa níhìn-ín ló sì ti rí ìyàwó fẹ́. Baba rẹ̀ ti kú, kò lẹ́ni tó máa bá a dé ilé àna. Ààrẹ àná, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà yẹn, ló bá a tọrọ ìyàwó. Ojú mi ló ṣe, bàbá ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó bá sì bá ọ tọrọ ìyàwó, ṣé o lè wo ojú rẹ̀ kí o ní rárá? Ẹ fún bàbá ní bàálù kan. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á ti mú ọkọ obìnrin yẹn bọ̀.”

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ni kò sì dùn mọ́ wọn.

Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú tẹ̀ sí i létí. Ó ní, “Ọ̀gá, bí wọ́n bá mú un bọ̀, fọ́tò ta ni yóò wà nínú ìwé ìròyìn? Oṣù márùn-ún ló kù o.”

Ara Ààrẹ gbóná bíi ti ìyàwó tí wọ́n ní kí orogún rẹ̀ wá bá a se ọbẹ̀ tí ọkọ fẹ́ràn. Ó rò ó wò. Ó ní bó bá jẹ́ baba ni ọmọ sójà yẹn ń wá, kí ló dé tí òun náà ò lè ṣe baba? Ìyàwó sójà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ààrẹ bá di ẹrù ìkómọ ránṣẹ́: oyin, iyọ̀, àádùn, àti bẹ́ẹ̀dì ọmọdé kan tó ń kọrin fúnra rẹ̀. Ó kọ̀wé sí i, ó ní, “Ọmọ mi ọ̀wọ́n.” Ọmọ mi ọ̀wọ́n! Àwọn tí wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí.

Sójà náà gba oyin, ó gba iyọ̀. Ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ààrẹ. Ó wá bi oníṣẹ́ pé, “Bàbá mi ńkọ́? Ṣé ara wọn le? Ẹ bá mi kí wọn.”

Láti ọjọ́ yẹn ni Ààrẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọ̀gágun.

Bàbá gbọ́ lábúlé. Ó wọ ọkọ̀ èrò, ó wá. Ìyẹn náà dun Ààrẹ, pé kí ló ń fi ọkọ̀ èrò ṣe bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ kí wọ́n rí òun? Mi ò sì gbe bàbá náà lẹ́yìn o. Ó mọ̀ dáadáa pé wọ́n ń wo òun. Olóṣèlú tó gbàgbé pé wọ́n ń wo òun, wọn ò tíì bí i.

Ó ní, “Ààrẹ, ẹ rán mi. N ó sọ fún ọmọ yẹn pé ẹ̀yin lẹ rán mi. Bẹ́ ẹ bá fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé mo lọ.”

Ààrẹ ní, “Wọ́n á mọ̀.”

“Bí wọ́n bá mọ̀, n ó sẹ́.”

“Wọ́n á ní ìrẹ̀lẹ̀ yín ló jẹ́ kí ẹ sẹ́.”

Bàbá ní, “Ààrẹ, kí wá ni kí n ṣe? Ṣé kí n kú ni?”

Ààrẹ gbójú sókè wo àjà. Má rẹ́rìn-ín, Alága. Ó ń rò ó wò ni. Bí bàbá bá kú, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ọkọ̀ òfúrufú.

Nígbà tí Bàbá jáde, obìnrin tó ń wá ọkọ rẹ̀ wà lórí àga níwájú ọ́fíìsì. Ó wo ojú bàbá, ó mọ̀ pé Ààrẹ kọ̀. Ó wọlé tọ Ààrẹ láìkanlẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá lè mú un jáde, ẹ jẹ́ kó lọ. N ó sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀yin ni.”

Ààrẹ fà á dìde. Ó ní kó lọ fọkàn balẹ̀, pé òun fúnra òun ni yóò mú ọkọ rẹ̀ jáde. Òun fúnra òun. Gbólóhùn yẹn ló pa ọkọ obìnrin náà, kí ìbọn tó dún rárá.

Ní ọjọ́ Ajé, Ààrẹ wọ aṣọ ológun tó fún un níkùn, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ̀rọ̀ òmìnira, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ó ní ọmọlúàbí kì í káwọ́ gbera kí ilé aládùúgbò rẹ̀ máa jó. Ọ̀rọ̀ náà dùn. Bí mo bá wà níbẹ̀, ǹ bá pàtẹ́wọ́. Ohun tó gbé e dìde gan-an ni kò dárúkọ.

Àwọn ọmọ ogun sọdá odò. Bí ìbọn àkọ́kọ́ ṣe dún, jìnnìjìnnì bá àwọn tó ń ṣọ́ olórí ìlú náà, wọ́n yìnbọn pa á nínú yàrá rẹ̀. Ọmọ ogun Ààrẹ mọ́kàndínláàádọ́ta ni kò padà sílé. Sójà náà ṣì wà lórí àléfà.

Wọ́n wá jíṣẹ́ fún Ààrẹ. Ó gbé orí sọlẹ̀. Àwọn ọ̀gágun rò pé ó ń sunkún, àwọn náà bá gbé orí sọlẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, ó bi wọ́n pé, “Ẹni àná ńkọ́? Kí ló sọ?”

“Wọn ò sọ nǹkan kan, sà. Wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń kí àwọn ìyá àwọn ọmọ tó kú.”

Ààrẹ fọwọ́ gbá tábìlì. “Ẹ ò rí i? Ó ti ń polongo ìbò!”

Ní ìta, ó di dandan kí ẹnì kan lọ sọ fún obìnrin yẹn. Àwọn ọ̀gágun ńlá ńlá, wọ́n ń ti ara wọn síwájú.

Alága, ìwọ ni mo ń bá wí. Ìdílé méjì ń jà lórí kànga ní òpópónà kejì, àwọn ọmọ wọn sì ti ń fa àdá yọ síra wọn. O ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, o fẹ́ kó ẹ̀ṣọ́ lọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé Alàgbà Ṣóyọmbọ̀, alága àná, ti là wọ́n níjà lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹnu lásán. Gbogbo wa la sì rí ọ ní ìpàdé tó kọjá, nígbà tí wọ́n ní ká pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣe ni o ń wá nǹkan lábẹ́ àga.

Mi ò sọ pé ó sàn jù ọ́ lọ. Ó máa ń hanrun ní ìpàdé, ó sì fẹ́ràn ìyìn bí ẹja ṣe fẹ́ràn omi. Ìlara kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó wà lára èmi náà, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò ní ẹ̀ṣọ́ tí mo lè rán níṣẹ́. Ẹnu ara mi nìkan ni ìlara mi ń mú korò. Tìrẹ gbé ìbọn ṣakabùlà kọ́ èjìká, ó ń wá ẹni tó máa bá a fọwọ́ sí ìwé.

Gba ìwé rẹ, mi ò fọwọ́ sí i. Àmọ́ kí o tó dìde, dá mi lóhùn: ṣé o fẹ́ kí ìjà yẹn parí ni, àbí o fẹ́ kó jẹ́ ìwọ lo parí rẹ̀?