Ẹni Tó Dìde Nígbà Tí Ìdáhùn Ṣì Kù

Ọkùnrin kan wà tó ń ra owó kírípítò, tó sì ń tà á. Inú fóònù ló ń kó owó náà sí, nínú ohun tí wọ́n ń pè ní wọ́lẹ́ẹ̀tì. Owó ń wọlé, owó ń jáde, láàárọ̀, lọ́sàn-án. Fóònù ọ̀hún ń dún títí àwọn alángbá ara ògiri fi mọ orin ẹ̀, tí wọ́n ń mi orí sí i.

Ìyá ọkùnrin yìí dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọkùnrin náà ní kí àbúrò òun tó wà lókè òkun fowó ránṣẹ́. Àbúrò ní òun ti fi í sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò rí nǹkan kan. Wọ́lẹ́ẹ̀tì sì ń san owó ilé ìwòsàn, kò gbẹ. Èrè ọjà òun ni ẹ̀gbọ́n pè é.

Jẹ́ kí n là á yé ọ. Wọ́lẹ́ẹ̀tì irú èyí kì í gbàgbé. Gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà béèrè ni wọ́n ń pè ní API. Ṣùgbọ́n kì í da gbogbo ẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń bù ú díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu omi fún aláìsàn. Tuntun ló kọ́kọ́ ń bù. Tó bá bù ú tán, á kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ó ṣì kù, kó o béèrè sí i.

Ọkùnrin yìí béèrè lẹ́ẹ̀kan. Ó wo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bù fún un, kò rí owó àbúrò ẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde.

Ìyá kú. Àbúrò wọ bàálù, ó dé ojú oórì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó bu erùpẹ̀ tí ọmọ máa ń dà sórí pósí ìyá ẹ̀, ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Fi erùpẹ̀ yẹn sílẹ̀! Èmi nìkan ni mo gbé ìyá yìí. Mo bi ẹ̀rọ léèrè, ẹ̀rọ ò mọ̀ ẹ́ rí!"

Ohùn ẹ̀ ròkè débi pé ewúrẹ́ ìlú kejì gbàgbé àpọ̀jẹ ẹnu ẹ̀.

Àbúrò ò jà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ránṣẹ́." Ó gbọn ọwọ́ nù, ó padà síbi tó ti wá. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì bo oórì.

Inú ẹ̀gbọ́n ò tíì rọ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo ẹbí fojú ara wọn rí ìdáhùn ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ fi han ìyàwó ẹ̀. Obìnrin náà na ìka sí ìsàlẹ̀ ojú fóònù.

"Bàbá Fọláṣayọ̀, kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Wọ́n ní ó ṣì kù."

"Ó ṣì kù, ẹ wá dìde?"

Ọkùnrin náà béèrè sí i. Ó tún béèrè. Ó wá rí i, owó àbúrò ẹ̀, gbogbo ẹ̀ pé. Ọjà tí òun alára ń rà tó ń tà ló ti bò ó mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ewé bá wọ́ bo kànga. Owó yẹn ni wọ́n fi san dókítà. Òun ni wọ́n fi ra oògùn. Òun náà ni wọ́n fi ra pósí.

Ó pe àbúrò ẹ̀ lórí fóònù. Omijé tó dà lọ́jọ́ náà tó po sìmẹ́ńtì oórì mẹ́wàá. Àbúrò gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n erùpẹ̀ ìyá mi, níbo ni mo ti fẹ́ rí i dà?"

Ìwọ tó o jókòó síwájú mi yìí, tó o di ẹrù ìyàwó ẹ síta nítorí ohun kan ṣoṣo tó o rí nínú fóònù ẹ̀, mi ò sọ pé kò ṣẹ̀ ọ́ o. Mo ní, ṣé o béèrè dé ibi tí ìdáhùn parí sí? Obìnrin yẹn ṣì wà nílé bàbá ẹ̀, ó ń mí. Sìmẹ́ńtì ò tíì bo nǹkan kan. Lọ béèrè èyí tó kù.