Ọwọ́ Òsì Láníyọnu

A kì í nawọ́ òsì sí àgbà, ìyẹn yé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ti Láníyọnu, tó máa ń fi amọ̀ rẹ́ ilé, ti pọ̀ jù. Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí i. Pàṣán ìgbà èwe ló lé ọwọ́ náà sá sẹ́yìn rẹ̀, kò sì jáde mọ́.

Lọ́jọ́ tó ń rẹ́ ilé Ìyá Fádèyí, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀. Kọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, láàárín ògiri àti àká, ọ̀tún kò sì ráyè wọ ibẹ̀.

“Òsì ńkọ́?” ni ìyá bi í.

“Ọwọ́ burúkú ni, Ìyá.”

“Ṣé òjò tó ń bọ̀ yìí mọ̀yẹn? Ki ọwọ́ náà bọ amọ̀ jàre!”

Láníyọnu ki òsì bọ amọ̀. Kíá, kọ̀rọ̀ náà jọ̀lọ̀ ju gbogbo ògiri yòókù lọ! Ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìyá bu omi sí i lọ́wọ́. “Ọ̀tún wẹ òsì…”

“Òsì wẹ ọ̀tún,” ni Láníyọnu fi gbè é, “lọwọ́ fi ń mọ́.”

Bí òjò ṣe dé, ìyá gbé abọ́ iyán fún un. Láníyọnu, tí kì í na ju ọ̀tún lọ, tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.